Dílà ní kí n fi ọkọ̀ PCP mi gba tuntun: ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò

Ìyá Ìbejì SE15
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé dé. PCP ọdún mẹ́rin, ìyẹn àdéhùn ẹ̀yáwó tí à ń fi san owó ọkọ̀ lóṣooṣù, ni mo fi gba èyí tí mò ń wà yìí. £24,000 ni wọ́n tà á, mo san £3,000 sílẹ̀, mo sì ń san £351 lóṣooṣù. Mo ti san oṣù 39, ó ku mẹ́sàn-án. Owó ńlá ìkẹyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní bálúùn, £9,500 ni. APR rẹ̀, ìyẹn èlé ọdọọdún, jẹ́ 8.9%.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dílà tí mo ti gbà á pè mí. Ó ní àkókò ti tó kí n bọ́ sórí ọkọ̀ tuntun, kí n kàn gbé ti ọwọ́ mi wá, wọ́n á fún mi ní èyí tó ga jù ú lọ, tíà rọ́bà, £381 lóṣù fún ọdún mẹ́rin míì, kò sí owó àsansílẹ̀ kankan. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà á tún fi £1,000 ràn mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe wò ó, £30 péré ló fi ju èyí tí mò ń san lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, ojúlé dé ojúlé. Láìsí ọkọ̀, kò síṣẹ́. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n gbà á kíá kí wọ́n tó yí ohùn padà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀. Kí ni kí n béèrè kí n tó tọwọ́ bọ̀wé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Croydon
Ìyá Ìbejì, ẹ kú akitiyan. Ẹ gbàgbé £30 yẹn ná. Iye tí à ń san lóṣù kò sọ iye tí ọkọ̀ ń jẹ wá.

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ìkíní, èló lẹ máa san lónìí kí gbèsè ọkọ̀ yẹn tán pátápátá? Ilé iṣẹ́ tó yá yín lówó ni kí ẹ bi, kì í ṣe dílà. Ẹ ní settlement figure lẹ ń fẹ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ lákọsílẹ̀. Òfin ló ní kí wọ́n fún yín. Ìkejì, èló ni wọ́n ń ra irú ọkọ̀ yín lọ́jà báyìí? Ìkànnì tó ń ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn pọ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ àti máìlì rẹ̀ sí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ má fi ibi tó ti họ pamọ́, nítorí wọ́n á rí i tí wọ́n bá dé.

Tí iye ọjà bá ju gbèsè lọ, owó yín ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ẹ lè fi ṣe owó àsansílẹ̀ níbikíbi tó bá wù yín. Tí gbèsè bá ju iye ọjà lọ, ẹnìkan gbọ́dọ̀ san ìyàtọ̀ náà, kò sì ní jẹ́ dílà.

Ìyá Ìbejì SE15
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pè wọ́n. Settlement jẹ́ £11,960. Ìkànnì kan ní £10,900, èkejì ní £11,050. Dílà ní àwọn á gbà á ní £11,200. Ìyàtọ̀ £760 nìyẹn. Mo bi ọmọkùnrin tó pè mí pé ta ló máa san £760. Ó ní kí n má dààmú, àwọn á bá mi bójú tó o.

Bọ̀dá Títà
Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Essex, n kò sí nídìí ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ́ "a á bójú tó o". Wọ́n á kó £760 yẹn lé orí gbèsè tuntun. Ẹ̀yin lẹ máa san án, pẹ̀lú èlé, fún ọdún mẹ́rin, lórí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn á ti máa wà.

Ohun tó wà nídìí PCP nìyí. Kì í ṣe gbogbo iye ọkọ̀ lẹ ń san lóṣooṣù. Iye tí wọ́n rò pé ọkọ̀ á fi já wálẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin lẹ ń san díẹ̀díẹ̀. Ìyókù ni wọ́n kó jọ sí ìparí, òun ni bálúùn. Ṣùgbọ́n gbogbo owó náà ni èlé ń gùn láti ọjọ́ kìíní, àti bálúùn tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí gbèsè kì í fi í tètè wálẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì, nígbà tí iye ọkọ̀ lọ́jà ti ń sáré wálẹ̀.

Bálúùn £9,500 yẹn, ilé iṣẹ́ ayánilówó ló fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀. Bí àdéhùn bá parí tí ọkọ̀ náà sì já sí £8,000 lọ́jà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti da kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Àwọn ló gbé àdánù £1,500 yẹn. Bó bá sì tó £10,500, £1,000 tó lé yẹn jẹ́ tiyín, ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ohun tó dára jù nínú PCP nìyẹn, ìparí nìkan ló sì wà fún. Ẹni tó bá pààrọ̀ ọkọ̀ nígbà tó ku oṣù mẹ́sàn-án ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìdáàbòbò náà nù, ó wá ń ru àdánù tí ẹlòmíràn ti gbà láti bá a rù. Gbogbo ohun tí mo bá kọ níbí lẹ́yìn èyí, ẹ lè gbàgbé rẹ̀. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Kí ló dé tí wọ́n pè yín? Kọ̀ǹpútà ló gbé orúkọ yín jáde. Ẹni tó bá ti san nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n máa ń pè. Kò sí ìkà níbẹ̀, iṣẹ́ ọmọ yẹn ni. Ẹ sì wo kàlẹ́ńdà: nọ́ńbà ọkọ̀ tuntun ń jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta àti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, àfojúsùn títà wọn sì máa ń parí ní ìparí oṣù kẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá. Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn inú àwọn oṣù yẹn ni ọwọ́ wọn máa ń tú jù. Nítorí náà, "kí wọ́n tó yí ohùn padà" kò ká mi lára. Àǹfààní míì ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹ bá mi béèrè nǹkan mẹ́rin: iye tí wọ́n ń ta ọkọ̀ tuntun náà gan-an, APR, bálúùn, àti máìlì tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọdún kan. Máìlì yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù.

Awakọ̀ Luton
Èmi ò fara mọ́ gbogbo èyí. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn, bí kò fún un lẹ́sẹ̀, á ṣo ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin míì, ọdún mẹ́rin míì, ẹ ò ní ọkọ̀ kankan tí ẹ lè pè ní tiyín. Ọkọ̀ ọdún mẹ́jọ ni mo fowó rà tán, kò sí ẹni tó ń bi mí ní máìlì, kò sí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ bóyá ó họ. Ẹ kó owó yín jọ nínú àjọ, ẹ ra èyí tí agbára ká.

Àǹtí Oníṣirò
Bọ̀dá Luton, òótọ́ lẹ sọ fún ẹni tó lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ọkọ̀, tí aláìsàn ń dúró dè ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ nínú òjò, wáránti àti ọkọ̀ tí kì í dákú lójú ọ̀nà ní iye tirẹ̀. Tó bá sì jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù, ULEZ, àgbègbè tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú jù, ti gba gbogbo ìlú láti 29 oṣù kẹjọ 2023. £12.50 lójoojúmọ́ ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá mu ìlànà ń san. Ọkọ̀ epo pẹtiróòlù gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 4, ti dísù (diesel) gbọ́dọ̀ jẹ́ Euro 6. Ẹni tó bá fi ọkọ̀ dísù àtijọ́ ṣiṣẹ́ ogún ọjọ́ lóṣù ti san £250 sínú afẹ́fẹ́. PCP kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Pípààrọ̀ rẹ̀ ní àkókò tí kò tọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì SE15
Bọ̀dá Títà, Ọlọ́run á fún yín ṣe o. Ìdáhùn wọn nìyí: ọkọ̀ tuntun £26,995, APR 4.9%, bálúùn £12,300. Máìlì wá jẹ́ 6,000 lọ́dún! 10,000 ló wà nínú èyí tí mo ní báyìí, mo sì ń sún mọ́ ọn gan-an lọ́dọọdún. 9p ni wọ́n máa gbà lórí máìlì kọ̀ọ̀kan tó bá lé. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi títí mo fi béèrè.

Bọ̀dá Títà
Ohun tí mò ń fura sí gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá dín máìlì kù, ọkọ̀ á níye lórí ní ìparí, ní orí ìwé. Bálúùn á wú, owó oṣooṣù á kéré. Bí ẹ bá wá wa 10,000, máìlì 16,000 lẹ máa fi lé láàárín ọdún mẹ́rin. Ní 9p, £1,440 nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a padà. Kódà bí ẹ kò bá dá a padà, tí ẹ fi í pààrọ̀, máìlì yẹn á ti já iye rẹ̀ lulẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa san án lọ́nà míì.

Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe pẹ̀lú 10,000, kí ẹ wá wo iye tí £381 máa dà.

Àǹtí Oníṣirò
Kí wọ́n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n lé ara wọn.

Tí Ìyá Ìbejì bá dúró: oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ £3,159, bálúùn £9,500, àpapọ̀ £12,659. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ di tiẹ̀, kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ yẹn á pé ọdún mẹ́rin, MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí ọkọ̀ ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kẹta, ó sì tún lè wà á fún ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà láìsan owó oṣooṣù kankan.

Tí ó bá gba tuntun: owó tí wọ́n ń yá a jẹ́ £26,995, yọ £1,000 ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀, fi £760 ti gbèsè àtijọ́ kún un, ó di £26,755. Oṣù 48 ní £381 jẹ́ £18,288. Pẹ̀lú bálúùn, £30,588 ni kí ó tó di tiẹ̀. Èlé tó wà nínú rẹ̀ lé ní £3,800. APR 4.9% yẹn dáa ju 8.9% lọ lóòótọ́, n kò ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n orí owó tó pọ̀ jù ló gùn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa: £12,659 sí £30,588. Òun ló fara pamọ́ sẹ́yìn £30.

Akọ̀wé Àdúgbò
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Ọ́fíìsì ìmọ̀ràn fún ará ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, a sì ń rí ọ̀rọ̀ yìí léraléra.

Consumer Credit Act 1974, abala 99 àti 100, fún ẹni tó wà lórí PCP tàbí hire purchase (ríra ọkọ̀ ní sísan díẹ̀díẹ̀) ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn nígbàkígbà kí ó tó parí. Tí ẹ bá ti san ìdajì àpapọ̀ owó inú ìwé, ẹ dá ọkọ̀ padà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ mọ́, bí ọkọ̀ bá ti wà ní ipò tó bójú mu, tí ẹ ò sì jẹ owó oṣù kankan sẹ́yìn. Àpapọ̀ owó túmọ̀ sí owó àsansílẹ̀, owó oṣooṣù gbogbo, àti bálúùn. Ti Ìyá Ìbejì jẹ́ £29,348. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ £14,674. Ó ti san £16,689. Ó ti kọjá ibẹ̀ láti oṣù kẹrìnlélọ́gbọ̀n.

Kí ni èyí ń sọ? Tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ tuntun ló wù ú lónìí, kò sí ìdí tó fi yẹ kó gbé £760 dání lọ sí àdéhùn míì. Ó lè dá ọkọ̀ yìí padà fún ilé iṣẹ́ ayánilówó lábẹ́ òfin, kí gbèsè náà kú síbẹ̀, kí ó wá lọ ra òmíràn níbi tó bá fẹ́. Dílà kì í sọ èyí fún ènìyàn, nítorí kò sí èrè níbẹ̀ fún un.

Ìṣọ́ra ṣe pàtàkì o. Ilé iṣẹ́ ayánilówó ni kí ẹ kọ̀wé sí, lẹ́tà tàbí ímeèlì, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Kí ẹ kọ ọ́ kedere pé voluntary termination lẹ̀ ń ṣe lábẹ́ abala 99. Bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù voluntary surrender wá fún yín, ẹ má fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ẹ kàn fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á tà á, gbogbo gbèsè tó bá ṣẹ́kù á tún padà sọ́rùn yín. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì gbèsè yín pé ẹ fòpin sí àdéhùn. Kì í ṣe àìsanwó, ṣùgbọ́n ayánilówó míì lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ilé iṣẹ́ yẹn gan-an.

Fún ẹni tí owó ń há mọ́ lọ́wọ́: bí ẹ bá ti san ìdá kan nínú mẹ́ta àpapọ̀ owó náà, abala 90 kò gbà kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ariwo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds
Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Mi ò tíì pé ọdún kan nílùú yìí, físà òṣìṣẹ́ ìlera ni mo fi wọlé. Dílà méjì ti kọ̀ mí fún PCP. Ṣé kò sí ọ̀nà fún irú wa ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Croydon
Àbúrò, ẹ káàbọ̀. Ọ̀nà wà, ṣùgbọ́n kì í yá. Fáìlì gbèsè rẹ ló ṣófo, wọn ò mọ̀ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe: forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọmọ Commonwealth, nítorí náà tí o bá ní físà tó fún ọ láyè láti máa gbé níbí, o lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, ibẹ̀ sì ni àwọn ayánilówó ti ń wò bóyá àdírẹ́sì rẹ jẹ́ òótọ́. Jẹ́ kí bíìlì fóònù àti ti iná máa jáde ní orúkọ rẹ, kí o máa san wọ́n lásìkò. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí àdéhùn gùn kọjá ọjọ́ tí físà máa parí, fi ìyẹn sọ́kàn.

Láìsẹ̀nì Nàìjíríà rẹ ńkọ́? Oṣù 12 péré lo lè fi wa ọkọ̀ níbí láti ọjọ́ tí o ti ń gbé níbí. Lẹ́yìn ìyẹn, o gbọ́dọ̀ ti gba tibí. Má fi èyí jáfara, torí ínṣọ́ránsì ẹni tó ní láìsẹ̀nì ilẹ̀ òkèèrè wọ́n gan-an.

Ní báyìí ná, ra ọkọ̀ kékeré tó mọ́, lówó ọwọ́. Má gba èlé 20% nítorí pé o fẹ́ nọ́ńbà tuntun.

Awakọ̀ Luton
Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún gbogbo ilé, torí mo ti rí i tó kó ènìyàn sí wàhálà. Ọkọ̀ PCP kì í ṣe tiyín títí ẹ ó fi san bálúùn. Ìwé V5C tó ní orúkọ yín lára, ìwé olùtọ́jú ọkọ̀ ni, kì í ṣe ìwé oní-nǹkan. Ẹ kò lè tà á láìsan gbèsè rẹ̀ tán, ẹ kò sì lè gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi ní Tilbury kó máa lọ sí Èkó fún ẹ̀gbọ́n yín. Ilé iṣẹ́ ayánilówó ló ni ín. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ni kò gbà kí a fi ṣe kábúkábú orí fóònù. Ẹ kà á kí ẹ tó ṣe é.

Ìyá Ìbejì, ẹ wo ínṣọ́ránsì yín náà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti ilé aláìsàn kan sí òmíràn nílò business use lórí rẹ̀. Èyí tó wà fún lílọ-bọ̀ ibiṣẹ́ kan ṣoṣo kò tó.

Àǹtí Oníṣirò
Ínṣọ́ránsì tún rán mi létí. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe tàbí tí wọ́n jí i, iye ọjà ni ilé iṣẹ́ ínṣọ́ránsì máa san, kì í ṣe iye gbèsè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó ni gbèsè. Ẹni tó gbé £760 wọ inú àdéhùn tuntun ti fẹ ihò yẹn lójú láti ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta GAP, ínṣọ́ránsì tó ń san ìyàtọ̀ yẹn. Bí dílà bá fi lọ̀ yín, wọn ò gbọdọ̀ tà á lójú ẹsẹ̀, òfin ní kí wọ́n fún yín láyè ọjọ́ méjì. Ẹ fi ọjọ́ méjì yẹn wo iye tí wọ́n ń tà á níbòmíràn, ti dílà máa ń wọ́n jù. Ẹ sì bi wọ́n bóyá ó kan gbèsè àtijọ́ tí ẹ gbé wọlé, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò kàn án.

Akọ̀wé Àdúgbò
Àwọn kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi nípa owó kọmíṣọ́ọ̀nù tí wọ́n ń sọ nínú ìròyìn. Ní kúkúrú: dílà kan lè gbé èlé oníbàárà ga nígbà kan rí kí kọmíṣọ́ọ̀nù tirẹ̀ lè pọ̀ sí i. FCA, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ owó, fòfin de ìyẹn ní 28 oṣù kìíní 2021. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ṣèdájọ́ lórí ọ̀rọ̀ kọmíṣọ́ọ̀nù ọkọ̀ ní 1 oṣù kẹjọ 2025, lẹ́yìn náà ni FCA gbé ètò ìdápadà owó kalẹ̀ fún àwọn àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin 2007 títí di 1 oṣù kọkànlá 2024. Bí àdéhùn yín bá bọ́ sáàárín, ẹ kọ̀wé sí ayánilówó fúnra yín pé ẹ fẹ́ mọ kọmíṣọ́ọ̀nù tí wọ́n san. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń pè yín lórí fóònù pé àwọn á bá yín gbà á lè yọ ohun tó ju 30% lọ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n máa kọ tí ẹ̀yin fúnra yín ò lè kọ.

Ìyá Ìbejì SE15
Ẹ̀yin ará, ẹ kú làálàá. Wọ́n ti dáhùn. Pẹ̀lú máìlì 10,000, bálúùn wálẹ̀ sí £10,700, owó oṣooṣù gòkè sí £411. £60 ni wọ́n fẹ́ fi lé mi lóṣù, wọ́n pè é ní £30.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà. A fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, kò tíì fún wa ní wàhálà kan, máìlì rẹ̀ sì wà nínú ohun tí a bá wọn ṣe àdéhùn. A ò ní pààrọ̀ rẹ̀ báyìí. A máa dúró dé ìparí. Mo ti wọ àjọ £400 lóṣù ní ìjọ wa, ìparí rẹ̀ ló kàn mí, á bọ́ sí oṣù tí àdéhùn máa parí. Ìyókù bálúùn ni a máa wá ẹ̀yáwó fún, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi credit union (ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù) àdúgbò. Tí kò bá ṣeé ṣe, a ó dá a padà. Kí ni kí n máa múra sílẹ̀ fún nípa dídá padà yẹn?

Bọ̀dá Títà
Inú mi dùn sí èyí. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ tún wo iye ọjà. Bó bá ju £9,500 lọ, ẹ má dá a padà lásán, owó yín ló wà níbẹ̀. Ẹ lè tà á fún ìkànnì tó bá san jù. Àwọn ló máa ń san settlement fún ayánilówó, wọ́n á wá fi ìyókù sínú báńkì yín.

Tó bá jẹ́ dídá padà, ìwé ìtọ́sọ́nà BVRLA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ yáni, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé láti mọ ohun tó jẹ́ ogbó lásán àti ohun tó jẹ́ ìbàjẹ́. Ibi tó họ tí kò ju 25mm lọ, tí irin ò hàn síta, kò burú. Ẹ fi owó ẹyọ £1 wọ̀n ọ́n, fífẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní 23mm, nítorí náà ibi tó họ tí owó náà bò mọ́lẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Etí wíìlì tó fara gbún òkúta ẹ̀gbẹ́ títì, 50mm lápapọ̀ lórí wíìlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbà. Ohun tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aṣàtúnṣe àdúgbò ṣáájú, torí iye tí wọ́n máa bù lé yín máa ń ju ti àdúgbò lọ. Ẹ fọ ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní. Wọn kì í yẹ ọkọ̀ tó dọ̀tí wò dáadáa, wọ́n á tún padà wá. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ pé, ìwé sáfíìsì náà gbọ́dọ̀ pé. Kọ́kọ́rọ́ kan tó sọnù lè jẹ yín ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé e, ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú rẹ̀, àti nọ́ńbà máìlì, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò tí ẹ ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ láìkọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbà.

Akọ̀wé Àdúgbò
Bí wọ́n bá sì bu owó tí kò tọ́ lé yín lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀hónú yín ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ayánilówó, ẹ fi fọ́tò yẹn kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fèsì. Tí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó, láàárín oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ tí ẹ bá gba ìdáhùn ìkẹyìn wọn. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.